Físà Ṣáínà ò lè gbé yín wọ Hong Kong o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Hong Kong lóṣù kẹjọ. Físà Ṣáínà ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù wa, ẹni tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ìyẹn ti tó. Ṣé ó dáa ká wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀. Ta ló sọ fún yín pé físà Ṣáínà ti tó? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní nǹkan yìí, ó ti sú mi. Kò tó! Òótọ́ ni pé Ṣáínà ló ni Hong Kong, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá a padà fún wọn látọdún 1997, àmọ́ imigiréṣọ̀n wọn dá dúró, owó wọn yàtọ̀, òfin wọn gan-an yàtọ̀. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà ti Hong Kong fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ Immigration Department wọn lẹ ti máa béèrè fún un, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ìwé yín bá pé. Ẹ má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì o, torí ní Lagos níbí ni wọ́n ti máa dá yín padà, ẹ ò tiẹ̀ ní rí bàlúù wọ̀.

Mo mọ ibi tí irọ́ yẹn ti ń wá. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba, wọ́n á fún un ní 180 ọjọ́ láì gba físà, á wá fóònù sílé pé kò le rárá. Kò le fún òun ni!

Àwọn tó ń lọ rajà ní Guangzhou náà, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ bọ́ sí Hong Kong, ẹ ti jáde ní Ṣáínà nìyẹn, tí físà yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti parí, ẹ ò lè fi padà. Bákan náà lẹni tó ní òun fẹ́ yọjú sí Shenzhen, ìlú Ṣáínà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hong Kong, torí ó súnmọ́: ó ti jáde ní Hong Kong nìyẹn.

Ó dáa, ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wọ Star Ferry láti Tsim Sha Tsui lọ sí Central nírọ̀lẹ́, ẹ jókòó lókè, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọkọ̀ ìgbafẹ́ olówó ńlá fún yín kẹ́ ẹ tó wọ èyí. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ, àsìkò ìjì ni, tí wọ́n bá ti gbé àmì 8, ìyẹn àmì ìkìlọ̀ ìjì líle, sókè, ferry á dúró, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tì. Ẹ sún un sí oṣù kọkànlá tó bá ṣeé ṣe. Yàrá olówó pọ́ọ́kú wà ní Chungking Mansions lójú Nathan Road, ẹ máa rí ará Áfíríkà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó há o, ìyàwó yín lè bínú.

Òfin físà ń yí padà, ẹ wo ìkànnì Immigration wọn fúnra yín, àwọn ló ní àṣẹ, kì í ṣe èmi. Ẹ má sì gbé vape, sìgá oníbátìrì yẹn, dání, wọn ò gbà á wọlé.