Ṣé fillet ló yẹ ká fi dán fillet wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà. QC ni mí, èmi ni mo ń yẹ iṣẹ́ wò, ní yáàdì kan ní Apapa. Táńkì gáàsì ìdáná la gbà ṣe, ó ku ká jó àwọn pádì àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn lára, irin 12 mm, fillet ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn wẹ́dìn inú kọ̀rọ̀ tí irin méjì ti pàdé. Kọ́sítọ́mà ní òun fẹ́ impact ní -46 °C, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ti ń lu irin tó tutù láti mọ̀ bóyá ó yi. Ọ̀gá wa wá ní ká jó irin méjì pọ̀ bíi T, ká gé e, ká fi ásíìdì wo inú ẹ̀, ó ní fillet la fẹ́ jó, fillet la máa fi dán an wò. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Èkó tó gbóná yìí náà, kí ni -46 ń wá níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kí wọ́n tó tanná sí i. Ká kọ́kọ́ mú ti -46 kúrò ńlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn Èkó rárá o. Propane tó wà nínú gáàsì yẹn, -42 °C ló ti ń hó, tí prẹ́ṣọ̀ bá já wálẹ̀ lójijì ó máa fa gbogbo ooru ara irin lọ, irin á tutù nini, irin tí ò bá sì yi, tó bá ti tutù báyẹn ṣe ló máa ń fọ́ bí àwo tánganran, kò ní kọ́kọ́ tẹ̀ kéèyàn rí i sá. Ní 1943, ọkọ̀ agbépo kan tó ń jẹ́ Schenectady, ọkọ̀ tuntun o, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ní Portland ní Amẹ́ríkà ló ti dá sí méjì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́. Irin kékeré tí wọ́n ń lù nínú ẹ̀rọ Charpy, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe impact yẹn, 10 mm níbùú, 10 mm nínípọn, 55 mm ní gígùn, wọ́n á gé ojú V tó jìn tó 2 mm sí i láàárín. Mẹ́ta ni wọ́n máa gé lára wẹ́dìn, mẹ́ta míì lára irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí iná ti yí padà, ìyẹn HAZ. Ẹ wá gbé fillet ẹlẹ́sẹ̀ 8 mm kalẹ̀, ibo lẹ fẹ́ ti rí 10 mm gé níbẹ̀? Ásíìdì á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wẹ́dìn wọlé dé kọ̀rọ̀ àti pé kò sán, ibẹ̀ náà ló mọ, kò lè sọ bó ṣe máa rí nínú òtútù.

Butt ni kẹ́ ẹ jó, ìyẹn kẹ́ ẹ tẹ́ irin méjì, kí wọ́n fẹnu kora, kí wẹ́dìn kún àárín wọn. ASME Section IX, ìwé òfin àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà lórí ìdánwò ìjórin, gbà pé butt tó bá yege gba fillet gbogbo sáìsì. Ẹ lo irin 12 mm kan náà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ẹ má lọ mú 20 mm torí pé òun ló wà ní yáàdì, irin tó nípọn máa ń tètè gbé ooru lọ ju èyí tó tinrín lọ, èsì ẹ̀ ò ní jọra.

Ibi tó máa ń dun àwọn èèyàn jù rèé. Butt yín, ẹ máa jó o lé ara wọn lẹ́ẹ̀mélòó kan, ìlà tó bá gorí èkejì á tún tọ́jú èyí tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí irin yi. Tí jórinjórin bá wá débi iṣẹ́ tó fi ìlà kan ṣoṣo kó fillet náà parí, ìtọ́jú yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, bí impact bá sì ti wọ̀ ọ́, Section IX ka kéèyàn kúrò ní ìlà púpọ̀ bọ́ sí ìlà kan sí àyípadà tó ń fẹ́ ìdánwò tuntun. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú WPS, ìwé ìlànà tí jórinjórin ń tẹ̀ lé, gbàǹgbà: fillet yìí, ó kéré tán, ìlà méjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìlà méjì ń jẹ elétíróòdù jù.

Ooru tí iná ń kó sínú irin náà wà ńbẹ̀, tó bá pọ̀ jù, irin ò ní yi mọ́. Fóòtì (V) lọ́nà ámúpù (A) lọ́nà 60, ẹ fi iye milimítà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú kan pín in. 24 V, 120 A, 120 mm, ó di 1.44 kJ fún milimítà kan. Kí jórinjórin kan náà wá rọra rìn ní 80 mm, ó ti di 2.16 nìyẹn, ẹ ò dẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá! Tẹ́ ẹ bá sì máa jó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe jó ti ìdánwò, ibẹ̀ lọwọ́ ti máa ń falẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé elétíróòdù 7018 tá a rà ní Owode Onirin lè ṣe irú iṣẹ́ impact yìí? Láti Mushin.

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ara páálí ẹ̀ dáadáa. E7018 lásán, -29 °C ni wọ́n ti dán an wò, E7018-1 ló dé -46, joule 27 ni agbára ìlù tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà. Èyí tí wọ́n ti tú sílẹ̀ tó ń gbatẹ́gùn lórí tábìlì, ẹ má rà á fún iṣẹ́ gáàsì. Tó bá sì ti gbatẹ́gùn lọ́wọ́ yín, inú ọ́fùnù ló ń lọ, 260 sí 430 °C, wákàtí méjì ó kéré tán, ẹ má sá a sóòrùn.