Wáàtì tó wà lára áyọ́ọ̀nù kọ́ ni iye iná tó ń jẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Télọ̀ ni mí ní Òṣogbo. 1000W ni wọ́n kọ sára áyọ́ọ̀nù mi, ṣùgbọ́n iná àdúgbò wa kì í gbé. 160V ni mítà mi ń kà tí mo bá ń lọṣọ lọ́wọ́. Mo fi 160 pín 1000, ó fún mi ní 6.25A. Nígbà tí mo wá fi kíláǹpù mítà, èyí tó ń há wáyà láti wọn kọ́rẹ́ǹtì, wọ̀n ọ́n, 3A péré ni mo rí. Ẹni tó ń bá wa ṣe iná ní ẹlimẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀, ti ń kú lọ, kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún ní bí iná ò bá gbé, ńṣe ni áyọ́ọ̀nù máa ń fa kọ́rẹ́ǹtì sí i, pé òun ló ń jẹ́ kí yúníìtì mi tètè tán. Báwo la ṣe ń ṣírò rẹsísítáǹsì àti páwà gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ẹlimẹ́ǹtì kankan. 3A tí mítà yín kà ló tọ̀nà. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni kò tọ̀nà.

Àwọn tó ń béèrè irú èyí lọ́wọ́ mi pọ̀, ohun kan náà ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà: wọ́n gbà pé 1000W yẹn kì í yẹ̀. Ó ń yẹ̀. Ẹ wo àkọlé kékeré tó wà lára áyọ́ọ̀nù náà dáadáa, ẹ ó rí 230V, tàbí 220–240V, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1000W. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí iná bá pé 230V, yóò jẹ 1000W. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa 160V.

Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni rẹsísítáǹsì, ìyẹn bí ẹlimẹ́ǹtì ṣe ń dènà kọ́rẹ́ǹtì tó. Óòmù la fi ń wọ̀n ọ́n. Georg Simon Ohm, ọmọ Jámánì, ló tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827: ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì (A) pín foltéèjì (V), rẹsísítáǹsì lẹ ó rí. Ti páwà (W), ẹ sọ foltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì di púpọ̀.

Ẹ wo tiyín: 160 ÷ 3 = 53.3 óòmù. Ẹ wo ti àwọn tó ṣe é: 1000 ÷ 230 = 4.35A, 230 ÷ 4.35 = 52.9 óòmù. Iye kan náà ni! Ara ẹlimẹ́ǹtì yín le. Páwà tó ń jẹ báyìí ni 160 × 3 = 480W, kò tó ìdajì 1000W. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ò fi ń nà. Foltéèjì wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì náà tẹ̀ lé e wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì la jọ sọ di púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ń fa kọ́rẹ́ǹtì sí i bí iná ò bá gbé, irọ́ gbáà ni, mítà ọwọ́ yín sì ti já a. Ọ̀dọ̀ fíríìjì ni wọ́n ti mú un wá. Mọ́tò tó bá ń yí máa ń bí foltéèjì tirẹ̀, tó ń ti ti wáyà padà. Bí iná bá rẹlẹ̀, ìyípo rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ìtìpadà yẹn á dín kù, kọ́rẹ́ǹtì á sì rọ́ wọlé. Bí mọ́tò náà bá kọ̀ tí kò yí rárá, ó lè jó. Nítorí náà, ẹ yọ fíríìjì bí iná bá rẹlẹ̀ tó báyìí. Áyọ́ọ̀nù ò ní mọ́tò nínú. Kò sì lè máa jẹ yúníìtì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: 1000W fún wákàtí kan ni yúníìtì kan, 480W fún wákàtí kan gbáko ò sì tó ìdajì rẹ̀. Lóòótọ́, iṣẹ́ ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ooru díẹ̀ sì ń ṣòfò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń jẹ owó yín tán.

Ibì kan ṣoṣo ni 6.25A yín ti lè jẹ́ òótọ́: bí ẹ bá fi sitabiláísà tó gbé iná padà sí 230V sáàárín. Áyọ́ọ̀nù á gba 1000W rẹ̀ pé, sitabiláísà á sì fa 6.25A, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀, láti ara iná 160V.

Òfin yìí kan náà ló ń jó áyọ́ọ̀nù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. 1000W lórí 120V jẹ́ 14.4 óòmù. Ẹ ki í bọ 230V, ó di bí 16A, ó lé ní 3,600W. Fíùsì 13A lè má tíì já kí ó tó bàjẹ́. Ẹ má dán an wò.

Bí ẹ bá tún fẹ́ wọ̀n, wáyà kan ṣoṣo ni kí kíláǹpù há. Bí ó bá há okùn áyọ́ọ̀nù lódindi, òdo ni yóò kà, torí kọ́rẹ́ǹtì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ bó okùn o. Ẹ ka mítà nígbà tí iná kékeré ara áyọ́ọ̀nù bá ń tàn, torí ìgbà yẹn ni ẹlimẹ́ǹtì ń fa iná. Bó bá jẹ́ óòmù lẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù lára iná pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi gílóòbù àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ o: bó bá tutù, rẹsísítáǹsì rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìgbà tó bá ń tàn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni 160V yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù, ẹ wọn foltéèjì. Ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá yàtọ̀, tí ti aládùúgbò náà sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mànàmáná yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 200V ló já wálẹ̀ sí 160V, 40V ń sọ nù lójú ọ̀nà. 40 × 3 = 120W nìyẹn. Bó bá jẹ́ ojúkò wáyà kan tó tú, ní káńtáàtì tàbí nínú ògiri, ló ń jẹ ẹ́, ooru yẹn lè dá iná sílẹ̀. N ò lè rí ṣọ́ọ̀bù yín láti ibi tí mo wà, nítorí náà ẹ má fọwọ́ ara yín tú ohunkóhun. Ẹ má lo áyọ́ọ̀nù náà níbẹ̀ mọ́ títí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, á fi yẹ gbogbo ojúkò wáyà wò.