Ṣé Ẹ̀gẹ́ Á Ta Lórí Ilẹ̀ Tí A Kò Tú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Éékà mẹ́ta ni mo ń dá nítòsí Ìṣarà Rẹ́mọ, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Lọ́dọọdún ni mo ń háyà katakata, tí mo sì ń dáná sun koríko tí a bá ṣán. Owó katakata ti fẹ́ gbé èrè mì báyìí, ilẹ̀ náà sì ti ń ṣá. Ọmọ àbúrò mi tó kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí n má túlẹ̀ mọ́, kí n má sì sun oko. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní oko ọ̀lẹ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ? Ṣé ẹ̀gẹ́ á ta bí kò sí ebè?

ÌDÁHÙN: Àroko-bọ́dún-dé o, bàbá. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ nínú ohun méjì tó ní kí ẹ fi sílẹ̀, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá kàn ṣíwọ́ katakata, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì wà níhòòhò, oko rẹ̀ lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Koríko àti pòpórò tó bo ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà gan-an.

Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kì í dá omi dúró, ìwọ̀nba ọ̀rá tó sì ní, òkè ló wà, níbi tí ewé ti ń jẹrà. Bí katakata bá yí i síta, oòrùn á yan án, òjò àkọ́rọ̀ á lù ú, ọ̀gbàrá á kó o lọ. Bí koríko gbígbẹ bá bò ó, òjò kò ní rí ilẹ̀ lù, omi á rọra wọlé, ekòló á sì máa lu ihò fún un. Nígbà tí òjò bá wá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ, ilẹ̀ abẹ́ koríko ṣì máa tutù.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti dán èyí wò. Ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, wọn ọ̀gbàrá lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ tí wọ́n tú ń ṣàn lọ. Èyí tí wọn kò tú, tí koríko bò, fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdánù nǹkan kan. Koríko gbígbẹ bíi tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan (éékà méjì ààbọ̀) ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Pòpórò àgbàdo yín nìkan lè má tó, nítorí náà ẹ fi ewé Akíntọ́lá kún un, kí ẹ sì gé e kó tó so.

Ní ti àwọn tó ń pè é ní oko ọ̀lẹ, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí bàbá wọn ti rí katakata. Ẹnu àdá ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo láàárín kùkùté. Ilẹ̀ wọn máa ń sinmi fún ọdún púpọ̀ ni, tiwa kì í sinmi mọ́.

Ó ku ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, ẹ ki ọ̀pá irin bọ ilẹ̀. Bó bá wọlé bí ẹsẹ̀ bàtà kan láìfi agídí ṣe, ẹ gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, á ta. Bí ó bá kan nǹkan líle ní bí ìka mẹ́rin sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ katakata ló ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dáwọ́ dúró. Ní àkùrọ̀, ẹ má fi ebè sílẹ̀ o, kí ẹ̀gẹ́ má baà rà. Ẹni tó bá sì sọ pé ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ ò ní dàrú rárá, kò tíì fa ẹ̀gẹ́ tu rí.

Koríko tó ń hù láàárín irè ni wàhálà tòótọ́, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá máa fín oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní glyphosate kí ẹ tó gbìn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, kí ẹ má sì kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá gbé oògùn apakoríko mìíràn, paraquat, fún yín lọ́jà, ẹ má rà á: NAFDAC ti fòfin dè é láti 2024, ẹni tó bá sì gbé e mì, kò ní ẹ̀rọ̀. Ní ti ẹ̀kan, ọkọ́ ń sọ ọ́ di púpọ̀ ni, torí gbòǹgbò tí ó bá gé á tún hù. Ìbòòji ló ń pa á. Ìbátan wèrèpè kan wà tí kì í yún ni, mucuna. Ó ń fà bo ilẹ̀, ó sì ń fún un lọ́ràá. Ẹ béèrè nípa irúgbìn rẹ̀ ní oko ìwádìí tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́.

Pòpórò tó ń jẹrà máa ń bá àgbàdo du oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi lè pọ́n níbẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè fi ajílẹ̀ sí i ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má da ajílẹ̀ yúríà sórí koríko. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ bò ó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ fi ìdajì éékà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo àrọ̀kúrò. Ẹ má retí pé yóò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Owó katakata tí ẹ kò san ni èrè ibẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ṣán ẹ̀bá oko náà yí ká dáadáa, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọdẹ àti àwọn tí ẹ jọ pààlà, nítorí iná.