Bí kòrónà bá mú èmi, ta ni yóò tọ́jú ọmọ mi?

(Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni a kọ lẹ́tà méjèèjì yìí; òfin kòrónà, furlough àti ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára inú wọn jẹ́ ti ìgbà náà.)

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun, ẹ kú ìfaradà àsìkò yìí o. Manchester ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell, irú ti SS). Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kò ní in. Nígbà tí ìjọba tún kéde kónílé-ó-gbélé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 yìí, lẹ́tà shielding, ìyẹn ti àwọn tí kòrónà lè ṣe léṣe jù, tún dé fún ọmọ náà pé kó má lọ sílé ìwé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìbàdàn ni ọkọ mi wà, físà rẹ̀ kò tíì jáde. Obìnrin kan tá a jọ háyà ilé ló ń sùn ti àwọn ọmọ lálẹ́. Mo kàn sọ fún un pé ara ẹ̀gbọ́n kò le ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ara ọmọ náà gbóná dé 38.4. Mo fún un ní paracetamol, mo sì ń gbàdúrà kó lọ sílẹ̀, torí ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń bà mí, ibẹ̀ ni kòrónà wà. Ó lọ sílẹ̀. Ọmọ kékeré ní òun náà fẹ́ ṣàìsàn kí n lè máa jókòó ti òun. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé ọmọ wálé kí wọ́n fún un lágbo. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá kan ní Manchester

*

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú, o kú àìsùn. Thamesmead ní London ni èmi wà, ilé ìwòsàn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tèmi tó ní irú àìsàn yìí ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ibà yẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà, kì í ṣe kòrónà.

Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ ìhà òsì tó máa ń gbá kòkòrò àrùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn yìí máa ń bà á jẹ́ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọmọ rẹ máa lo penicillin láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí kòkòrò bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́. Paracetamol á mú kí ara tutù, kòkòrò yóò sì wà níbi tó wà. Tó bá ti dé 38, gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́, àyà dídùn àti mímí lemọ́lemọ́: kòrónà lè fà á, ẹ̀jẹ̀ tó dí nínú ẹ̀dọ̀fóró náà lè fà á, kò sì sí ìyá tó lè fojú lásán ya méjèèjì sọ́tọ̀. Pe wọ́ọ̀dù kí o tó kúrò nílé, sọ pé ọmọ SS ni, ara rẹ̀ gbóná, kí wọ́n lè sọ ibi tí ẹ óò gbà wọlé, kí ẹ má baà lọ jókòó sáàárín èrò.

Àmọ́ òbí kan péré ni ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ń gbà báyìí. Bí ìwọ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ta ni àbúrò wà? Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná ní aago méjì òru nígbà tí o wà níbi iṣẹ́, obìnrin tó ń sùn tì wọ́n yóò fi aṣọ bò ó ni, yóò ní kó máa sùn. Kò ṣẹ̀. O kò sọ fún un.

Mo mọ ohun tó ń pa wá lẹ́nu mọ́. Wọn á ní kí ni ẹ ń wò tí ẹ kò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ́ra. Wọn á ní àbíkú ni. Lọ́jọ́ iwájú wọn á máa ṣọ́ àbúrò rẹ̀ nítorí ọkọ. Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń bí nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dọọdún pẹ̀lú àìsàn yìí, agbo ilé wo ni kò mọ̀ ọ́n? Síbẹ̀ a ń fi pamọ́. Ní England níbí, nǹkan bí 15,000 ènìyàn ló ní in, wọ́n kà á mọ́ àwọn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n, tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí kó má rí ọmọ kan tó ní in. Àwọn tó mọ̀ ọ́n la ń sá fún, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kò sì mọ ohun tí wọn ì bá bi wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, kòrónà dá èmi àti bàbá wọn dùbúlẹ̀ pọ̀. Yàrá la wà, ilẹ̀kùn títì. Obìnrin kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí mo ti sọ fún tipẹ́, ló ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń pe ọmọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́: ṣé o ti lo oògùn? Ṣé o ń mu omi? Ó mọ nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, ó mọ ibi tí báàgì ilé ìwòsàn wà. Ǹjẹ́ kò sọ fún ẹlòmíràn? Ó ṣeé ṣe kó sọ. Kò ká mi lára mọ́.

Nítorí náà, ènìyàn méjì: obìnrin tí ẹ jọ ń gbé, àti ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kò pọn dandan kí o kéde lórí pẹpẹ. Kọ ohun gbogbo sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, ohun tí wọn óò ṣe bí eegun bá ń dùn ún, nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àìsàn yìí, kí o sì kọ 38 gàdàgbà. Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ọkọ rẹ jìnnà lóòótọ́, àmọ́ fóònù kò jìnnà: ó lè máa pè ní àkókò oògùn, ó sì lè máa kàwé fún wọn kí wọ́n tó sùn.

Tí o kò bá ní nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, béèrè. Láti ọdún 1979 ni irú ìtọ́jú yìí ti wà, nígbà tí Elizabeth Anionwu, ọmọ bàbá Nàìjíríà, wà lára àwọn tó dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní Brent. Nígbà tí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé ọmọ ṣì yẹ kó wà lórí ìwé shielding, torí wọ́n ní kí àwọn dọ́kítà tún ti àwọn ọmọdé yẹ̀ wò, àti pé ìgbà wo ni yíya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ tọdọọdún kàn? Má jẹ́ kí kòrónà gbé ìyẹn fò, torí òun ló ń fi hàn bóyá ewu rọpárọsẹ̀ wà.

Ní ti iṣẹ́, orúkọ ọmọ ló wà lórí lẹ́tà yẹn, kò sí tìẹ, nítorí náà kò de ọ̀gá rẹ. Ṣùgbọ́n òfin gbà á láàyè láti fi ọ́ sí furlough torí ọmọ tó wà nílé, ìyẹn kí o dúró sílé kí ìjọba máa ran ọ̀gá lọ́wọ́ san owó rẹ: ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ, tí kò ju £2,500 lóṣù, títí di òpin oṣù Kẹrin ọdún 2021 yìí. Ọwọ́ ọ̀gá ló wà. Kọ ìwé sí i, má fi ẹnu lásán béèrè. Owó DLA, ìrànwọ́ ìjọba fún ọmọ aláìsàn tàbí aláàbọ̀ ara, tún wà fún ọmọ, ṣùgbọ́n bí físà tìrẹ bá sọ pé o kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, má fọwọ́ kàn án láì kọ́kọ́ bá Citizens Advice, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, sọ̀rọ̀. Furlough kò sí lára èyí tí wọ́n kà léèwọ̀.

Lẹ́tà yẹn kò ní kí ọmọ má jáde rárá. Ó lè rìn níta, kó ṣáà wọṣọ dáadáa, torí òtútù máa ń jí ìrora. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí atẹ́gùn. Àbúrò lè lọ sílé ìwé torí iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe, àmọ́ bí àrùn ṣe gbóná tó báyìí, èmi á kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Má bá a wí nítorí ohun tó sọ. Nígbà tí bàbá wọn bá ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, kí àkókò yẹn jẹ́ tìrẹ àti tirẹ̀, kó yan eré tí ẹ óò ṣe. Kí o sì sọ fún GP, dọ́kítà àdúgbò rẹ, pé ìwọ ló ń tọ́jú ọmọ aláìsàn àti pé o kì í sùn. Wọn kò lè mọ̀ tí o kò bá sọ.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Sọ fún un pé ibà ẹ̀fọn lè pa ọmọ SS kíákíá, pé dọ́kítà ní a kò gbọdọ̀ fi nǹkan kún oògùn rẹ̀ láìsọ fún àwọn. Kó máa pe ọmọ náà kó kí i ní oríkì lójoojúmọ́. Inú àwọn méjèèjì á dùn.

Ó wá ku abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni ìjọba ń fún àwọn ènìyàn, ẹgbẹ́ kìn-ín-ní sì ni ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ nílé arúgbó wà. Bí wọ́n bá pè ọ́, lọ, má dúró gbọ́ ti fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Tèmi ti wọlé, apá dùn mí, mo sùn lọ́sàn-án, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi wà ní ẹgbẹ́ kẹrin torí ó ti ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, à ń retí ìpè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 yìí, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú ọmọ ọdún mẹ́jọ, nítorí náà ìwọ àti obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ni yóò gbà á fún un.

Ìyá kan ní Thamesmead