Má tíì ra tọ́bò ńlá yẹn

Àbúrò mi, o ní Golf GTI 2007 tókúnbọ̀ lo rà, ₦800,000 ló wà lọ́wọ́ ẹ, o sì fẹ́ fi ra K04, tọ́bò tó ń ki atẹ́gùn sẹ́ńjìnì ju K03 tó bá ọkọ̀ ẹ wá lọ, tí wọ́n fi hàn ẹ́ ní Ládípọ̀. Jọ̀ọ́, rọra. Mo ti ra irú ẹ̀ rí.

Ẹ́ńjìnì kan náà ni tèmi, 2.0T FSI. Agbára ẹṣin (horsepower) 200 tó bá a wá ò tó mi. Mo gbé K04 sí i, ẹnì kan bá mi tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ tò, mi ò fọwọ́ kan ọ̀nà epo rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi jayé. Lálẹ́ Sunday kan tí Third Mainland dá, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti Adékúnlé. Kí n tó dé Ọwọ́rọ̀, èéfín búlúù ti bo ẹ̀yìn mi. Nígbà tá a ṣí i, ibi tí ríìngì jókòó sí lára pístìnì kẹta ti fọ́.

Atẹ́gùn tí tọ́bò ńlá ń kì wọlé pọ̀ ju epo tí páńpù lè gbé wá lọ. Wá fi ooru Èkó kún un, àti bẹntiróòlù wa tí octane ẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ láì bú, ò tó 95 tí ẹ́ńjìnì yẹn ń fẹ́. Epo á máa bú gbàù fúnra ẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó kàn án. Òyìnbó ń pe ìyẹn ní knock. Kì í ṣe nọ́kì tiwa, tí ẹ́ńjìnì ti kú fin-ínfin-ín, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló ń bá lọ.

Lórí ẹ́ńjìnì kejì, K03 tó bá a wá ni mo dá padà. Mo ra ìdérí páìpù omi lọ́dọ̀ àwọn plọ́ńbà, mo lu ihò sí i, mo ki fáàfù táyà bọ̀ ọ́, mo wá dè é mọ́ ẹnu rọ́bà tó wọ tọ́bò. Fọkanáísà àdúgbò wa fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀, kò kọjá 15 psi, ó ń wọ́n omi ọṣẹ kiri bó ṣe ń wá pọ́ńṣà. Ọṣẹ hó lójú ibi méjì lára rọ́bà intercooler, ohun tó ń mú kí atẹ́gùn tọ́bò tutù! Mo tú diverter valve náà, fáàfù tó ń tú atẹ́gùn tọ́bò sílẹ̀ tá a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, awọ inú ẹ̀ ti ya. Agbára tí mo fẹ́ lọ rà ti ń jò dànù látọjọ́ yìí.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni cam follower, ife kékeré tó wà láàárín kámúṣáàfù àti páńpù epo. Bóòtì mẹ́ta ló di páńpù yẹn mú. Jẹ́ kí ọkọ̀ tutù dáadáa kó o tó tú u, torí epo inú ẹ̀ lè tú jáde lójijì. Orí ife náà yẹ kó dúdú. Tó bá ti ń dán bíi fàdákà, pààrọ̀ ẹ̀. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, ọ́ìlì tó jẹ́ ojúlówó, o mọ ìyẹn. Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó kàn, kó o sì sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé epo Èkó lò ń rà, kó má gbé fáìlì epo 98 fún ẹ. Tówó bá ṣẹ́kù, intercooler ńlá ni kó o rà. Wàá mọ ìwúlò ẹ̀ tó o bá jáde nínú gósílò Òṣòdì.

Lọ tú ife yẹn lọ́la, kó o ya fọ́tò orí ẹ̀ kí n bá ẹ wò ó.