Ǹjẹ́ àṣà Yorùbá lòdì sí olùkọ́ tó fín ara?

Ìbéèrè: Olùkọ́ obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ mi ń lọ ní Ìbàdàn. Ó fín òdòdó sí apá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, aṣọ rẹ̀ kò sì bò ó. Níbi ìpàdé àwọn òbí, àwọn kan ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé àṣà òyìnbó ni, kò bá àṣà Yorùbá mu. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sì wí fún ọmọ mi tó ń béèrè ohun tó wà lápá olùkọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá ní òyìnbó ló kọ́ wa láti máa fín ara ti gbàgbé apá àwọn ìyá wa àgbà, nítorí pé títí di òní, ẹ ṣì lè rí ìyá arúgbó tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí lápá, tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣú mọ́ awọ ara. Ṣáájú àkókò tí àwọn èèyàn wa mọ ìwé kọ ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ti ń fín ikùn, ẹ̀yìn àti apá wọn. Láàárín àwọn Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, àti àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà ní ààlà Nàìjíríà àti Benin, kóló ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Olóòlà ló ń ṣe é. Yóò fi abẹ rẹ̀ ṣá awọ ara wẹ́wẹ́ ní ìlà kúkúrú kúkúrú tó súnmọ́ ara wọn, yóò fi dúdú tí wọ́n lọ̀ kúnná ra ojú ọgbẹ́ náà, nígbà tí ó bá sì jinná, àmì yóò yọ lára bí ọnà ṣe ń yọ lára igbá fínfín Ọ̀yọ́. Omi ìgbín ni wọ́n máa ń fi tu ojú abẹ lára, torí ohun tútù ni, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé Ògún ìkọlà a máa jẹ ìgbín.

Ìrora rẹ̀ kò kéré, ìrora náà sì wà lára ohun tí àmì náà ń sọ. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán a doge. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sábẹ́ abẹ olóòlà títí iṣẹ́ fi parí ti fi han ilé ọkọ pé òun lè fara da ìrọbí, pé ọkàn òun kò rọ. Ẹni tó bá sá dìde kí wọ́n tó ṣe é tán yóò máa gbé ààbọ̀ ọnà kiri, ojú ẹ̀sín ni wọn yóò sì máa fi wò ó. Nítorí náà, bí ìyá kan bá jókòó síbi ìpàdé tó ní obìnrin tó fín apá kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ rán an létí pé nígbà kan rí, láwọn ibì kan ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ilé gan-an ni.

Síbẹ̀, kò yẹ kí á sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo àmì ara lójú àwọn baba wa. Ilà ojú, ìyẹn pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti àwọn yòókù, ẹbí ló ni ín. Ọmọdé ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè bóyá ó fẹ́, nítorí pé ilé tó ti wá ni ilà náà ń sọ, ó sì ṣe pàtàkì ní àkókò ogun àti oko ẹrú, nígbà tí ojú nìkan lè jẹ́ kí ẹnì kan dá ará ilé rẹ̀ mọ̀ nínú àjèjì. Àwọn ọmọ ọba Ọ̀yọ́ máa ń ní ilà gbọọrọ tó gba gbogbo apá wọn kọjá, ẹni tó bá sì rí apá náà mọ bí òun ṣe máa kí ẹni tó ni ín. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, oògùn ni. Ẹni tó sín in kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹjú mọ́ ọn. Kóló àti ara fínfín ni wọ́n ń ṣe fún ẹwà, ẹni tó ti mọ tinú ara rẹ̀ ló sì ń jókòó fún un. Nínú gbogbo wọn, òdòdó olùkọ́ yìí súnmọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yìí jù. Ohun tí àṣà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní àmì lára ni pé: ta ló kọ ọ́ fún ọ, kí ló ń sọ, ta ló sì ń rí i? Kò béèrè bóyá ara rẹ mọ́ láìní àbàwọ́n kankan.

Ti ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wá ńkọ́? Ìran kan kọjá tó jẹ́ pé ojú tó nílà ló kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ní ABD. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ṣe olùkọ́ ní Baptist Academy ní ìlú Èkó láti 1930 sí 1942. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ilà sì hàn ketekete ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àwòrán rẹ̀ ṣe fi hàn. Lóde òní pàápàá, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ní Ìlọrin lè wọ kíláàsì pẹ̀lú làálì tó yọ òdòdó láti orí ìka dé ìgúnpá, kìkì ohun tí yóò gbọ́ ni pé wọ́n kú orí ire. Òdòdó yìí àti òdòdó tọ̀hún lè jọra wọn bí ìbejì. Èyí tí kò ní í parẹ́ ni wọ́n ń bínú sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi ìbínú náà síbi tó ti wá. Ìwé Léfítíkù 19:28 nínú Bíbélì kọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti sín gbẹ́rẹ́ nítorí òkú tàbí kọ àmì sára, hádíìsì tí Bukhari gbà wá sì sọ pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé obìnrin tó ń fín ara fún ẹlòmíràn àti ẹni tó ní kí wọ́n fín òun. Ẹni tó bá dúró lórí èyí ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, àmọ́ kó pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kó má pè é ní àṣà. Lẹ́yìn ẹ̀sìn, ìfura wà. Ọ̀pọ̀ òbí ń so tátùù pọ̀ mọ́ ọmọ ìta, ẹgbẹ́ òkùnkùn àti ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ológun Nàìjíríà pàápàá kì í gba ẹni tó ní tátùù sára. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, n kò sì ní sọ pé kí olùkọ́ fọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè lọ déédéé bí òbí kò bá fọkàn tán an. Ẹ̀rù yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 2020, ìròyìn kárí ayé nípa olùkọ́ kan ní Palaiseau, nítòsí Paris ní ilẹ̀ Faransé, tó fín gbogbo ara rẹ̀ dé ojú àti ahọ́n, tó tún sọ funfun ẹyinjú rẹ̀ di dúdú. Òbí kan ní ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ń lá àlá burúkú nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ náà kọ́ ló ń kọ́ ọmọ ọ̀hún. Wọ́n ní kó má kọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó máa kọ́ àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ bọ́gbọ́n mu ju kí á lé èèyàn dànù lọ, àmọ́ ojú tó dúdú kirikiri àti òdòdó apá kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n fín ló yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò, ọ̀rọ̀ èébú tàbí àmì ẹgbẹ́ kan, aṣọ alápá gígùn ni, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ òdòdó, ewé tàbí orúkọ, ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Fífi dandan mú olùkọ́ wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn oṣù Kẹta ní Ìbàdàn, nínú kíláàsì tí kò ní fáànù, ìyà lásán ni. Èyí tí n kò lè gbà rárá ni pé kí wọ́n gba obìnrin yìí síṣẹ́, kí wọ́n rí apá rẹ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n má sọ nǹkan kan, kí ìpàdé òbí sì wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ òfin, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má sọ fún un pé èèyàn burúkú ni olùkọ́ rẹ̀, nítorí kò ní lè gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti bà jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé àgbàlagbà ló fín ohun tó wù ú sí ara rẹ̀, pé ó dùn ún nígbà tí wọ́n ń ṣe é, pé kò sì ṣeé fọ̀ kúrò. Bí ó bá ní òun náà fẹ́, ìdáhùn wà nínú òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní abala 24, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fín tátùù tàbí kọ ilà sí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 5,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Abala kan náà ni wọ́n kó ilà wa àti tátùù sí, èyí tó túmọ̀ sí pé bàbá àgbà tó bá fẹ́ kọ pélé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin tó ń fín àwòrán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bódìjà, òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.