Ọ̀rọ̀ mélòó ló yẹ kí ìtàn kúkúrú fún àwọn òǹkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní?

Òkun o (bí wọ́n ṣe ń kíni ní Bùnú, láàárín àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, nìyẹn). Fún ìtàn aṣọ pupa ìsìnkú Bùnú tí ẹ fẹ́ kọ fún àwọn tó ń kàwé lórí fóònù, 1,000 sí 2,000 ọ̀rọ̀ ni màá mú. Ẹni tó ń ka 200 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan á parí 1,000 ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí mọ́tò Kàbà tó kún. Tó bá jẹ́ ìdíje lẹ ń wò, òfin wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé: Commonwealth Short Story Prize ń gba 2,000 sí 5,000, Caine Prize 3,000 sí 10,000.

Yorùbá máa ń kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ (ó, ti, ní, kì í), nítorí náà iye tí kọ̀ǹpútà máa kà sábà ń ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fún ìtàn kan náà. Ẹ má torí ẹ̀ gé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn. Ibi tí ìyá àgbà inú ìtàn yín ti ń sọ ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ sin olóyè láìsí aṣọ yẹn, ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà! Ìrìn àjò láti Lọ́kọ́ja dé abúlé, gbólóhùn kan ti tó. Tí ìtàn orí fóònù náà bá kọjá 3,000 ọ̀rọ̀, ẹ pín in sí apá méjì.